Tí adìẹ bá ṣàdédé ń kú: ọ̀nà tí bọ́ọ̀dù fulúù ń gbà dé ara èèyàn, àti bí a ṣe lè dí i

Ọ̀sẹ̀ Kérésì ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tu ìyẹ́ adìẹ lẹ́yìnkùlé, adìẹ kẹfà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Omi gbígbóná wà nínú bẹ́ẹ̀sìnì, ooru ẹ̀ ń rú sí i lójú, ìyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lápá dé ìgúnpá. Imú ń yún un. Kò lè fi àtẹ́lẹwọ́ tó rin yẹn kàn án, ló bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan náà nu ojú nígbà tí òógùn wọ̀ ọ́. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Nǹkan kan ò ṣe é, nítorí ara adìẹ ọjọ́ yẹn le. Ká ní adìẹ tó ti kó bọ́ọ̀dù fulúù ni, ìyẹn ọ̀fìnkìn adìẹ, ibi tí àrùn náà ì bá gbà wọlé sí i lára nìyẹn.

Adìẹ tó ń yé ẹyin, léyà, ni mo ń sìn ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòròdú. Nígbàkígbà tí ìròyìn àrùn yìí bá jáde, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé ká má jẹ adìẹ mọ́, ká má jẹ ẹyin mọ́. Inú ìkòkò ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀sìnì ló yẹ kí wọ́n máa wò. Iná ń pa kòkòrò àrùn yìí: tí ẹran bá gbóná dé 70°C títí dé egungun, ó ti kú, omi ọbẹ̀ tó ń hó sì gbóná ju ìyẹn lọ dáadáa. Ewu ẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ kí adìẹ tó dé orí iná, bí a ṣe gbé e mọ́ra, bí a ṣe dúńbú ẹ̀, bí a ṣe tu ìyẹ́ ẹ̀, bí a ṣe fa ìfun ẹ̀ jáde. Ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn yìí pa ní Nàìjíríà, obìnrin ẹni ọdún 22 kan tó kú l'Ékòó ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ó ti tu ìyẹ́ adìẹ, ó sì ti kun ún, kó tó ṣàìsàn.

Torí náà, bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí, fún ẹni tó ní pẹ́ẹ̀nì, ìyẹn ilé tí a ti ń sin adìẹ, fún ẹni tó ń tà lọ́jà, àti fún ẹni tó kàn so adìẹ mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìnkùlé de ọdún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tó ń gbà

Ara ẹyẹ inú omi ni kòkòrò yìí ti ṣẹ̀ wá, pẹ́pẹ́yẹ igbó àtàwọn ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò láti òkè òkun wá sílẹ̀ wa nígbà ọyẹ́. Ó máa ń wà nínú ìgbẹ́ wọn, nínú itọ́ wọn, nínú ikun imú wọn. Ẹyẹ kan yàgbẹ́ sínú omi, adìẹ mu ún, tàbí kí bàtà tẹ ìgbẹ́ náà kó sì gbé e wọ pẹ́ẹ̀nì. Tó bá ti wọlé, ìgbẹ́ adìẹ kan ti tó láti kó o ran ẹgbẹ́ ẹ̀. Ibi tó bá tutù ló fẹ́ràn: nínú ìgbẹ́ tó wà níbi tó tutù bí inú fìríìjì, ó lè lo ju oṣù kan lọ kó tó kú, ṣùgbọ́n nínú ooru 37°C, bí ọjọ́ mẹ́fà ni. Ẹ rí i pé ọjọ́ mẹ́fà náà kì í ṣe kékeré. Kíréètì ẹyin tó kúrò ní oko kan lọ́jọ́ Ajé lè ti dé oko mẹ́ta kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ní ti èèyàn, ojú, imú àti ẹnu ló ń gbà wọlé, nípa ọwọ́ tàbí nípa eruku. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀ pẹ́ẹ̀nì nígbà ọyẹ́ mọ eruku tí mò ń sọ, èyí tó jẹ́ ìyẹ́, ìgbẹ́ gbígbẹ àti lẹ́búlẹ́bú pákó, tó ń fò nínú ìtànṣán oòrùn bí èéfín. Kòkòrò yìí kì í tètè rí ibi dì mú nínú imú àti ọ̀nà ọ̀fun wa bíi ti ọ̀fìnkìn èèyàn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń rí ibi tó bá a lára mu. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í rọrùn fún èèyàn láti kó o ran èèyàn, ìdí ẹ̀ náà sì nìyẹn tó fi máa ń le bó bá ti mú èèyàn tán. Láti ọdún 2003, àjọ ìlera àgbáyé WHO ti ka èèyàn tó lé ní 900 tí H5N1, irú bọ́ọ̀dù fulúù tí à ń sọ yìí, mú káàkiri ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó kú. Lóòótọ́, àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ni wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò, àwọn tó mú díẹ̀díẹ̀ lè máà wọnú ìwé. Síbẹ̀, iye yẹn ò ṣeé fi ṣeré.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bàtà pẹ́ẹ̀nì kò gbọdọ̀ mọ ojú títì

Ẹ ra bàtà òjò kan fún pẹ́ẹ̀nì kọ̀ọ̀kan. Inú pẹ́ẹ̀nì ló ń gbé, kì í bá yín lọ sílé, kì í bá yín lọ ra fíìdì, oúnjẹ adìẹ. Ẹ wá gbé bẹ́ẹ̀sìnì omi apakòkòrò sẹ́nu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀sìnì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀, torí gbogbo oko ló ní i, oko tó ń lò ó bó ṣe yẹ ni ò pọ̀. Ti èmi náà, mo dé oko lọ́jọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, mo bá omi ẹ̀ tó ti dúdú, ìgbẹ́ àti ìyẹ́ léfòó lórí ẹ̀, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì fò ó kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó mà, ó dọ̀tí." Òótọ́ ló sọ. Ìdọ̀tí ń pa agbára bílíìṣì, oòrùn náà ń pa á. Nítorí náà, ike méjì ni mò ń lò báyìí: èkínní, omi ọṣẹ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ la ti ń fọ ìgbẹ́ kúrò lábẹ́ bàtà, èkejì, bílíìṣì, abẹ́ òrùlé ló wà, a sì ń dà á nù láràárọ̀. Tí ara ike bílíìṣì yín bá kọ 3.5%, ife kan bílíìṣì sí ife mẹ́fà omi ló máa fún yín ní èyí tó lágbára tó. Tó bá jẹ́ 5%, ife kan sí ife mẹ́sàn-án. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ Izal tàbí oògùn mìíràn rárá, èéfín ẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dá oníbàárà dúró lẹ́nu géètì

Ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ̀rù lékeléke tó bà sórí òrùlé, tí a ò bẹ̀rù mọ́tò tó fẹ́ kó old layer, ìyẹn léyà tó ti dàgbà tí a fẹ́ tà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: mọ́tò yẹn ti dé oko mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kéèjì orí ẹ̀ ò rí omi láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ẹni tó wà á wá sì fẹ́ wọ pẹ́ẹ̀nì kó fọwọ́ ara ẹ̀ yan èyí tó sanra. Ẹ má jẹ́ kó wọlé. Kí àwọn tiyín kó adìẹ jáde nínú kéèjì oko, kí wọ́n dà á sínú kéèjì tirẹ̀ lẹ́nu géètì, kí kéèjì oko sì di fífọ̀ kó tó padà wọlé. Ó máa bínú. Ẹ fún un ní omi tútù.

Kíréètì oníbébà ò ṣeé fọ̀, ẹ má gba èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Ti oníke ni kí ẹ ní, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó rì í sínú bílíìṣì fún ìṣẹ́jú 10. Bákan náà ni àpò tí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ fi ń wá kó ìgbẹ́ adìẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n já a sílẹ̀ níta.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan òṣìṣẹ́ yín tó ní adìẹ tirẹ̀ nílé. Mo bẹ tèmi pé kó má sin ẹyẹ kankan nílé, mo sì ń fún un ní kíréètì ẹyin kan lóṣooṣù. Ó gbà, ẹyin ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má da ẹyẹ pọ̀

Ẹ má sin pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni tòlótòló tàbí awó ò gbọdọ̀ bá wọn jẹ níbì kan náà. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé àrùn yìí káàkiri láìjẹ́ pé ó ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀; ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà lọ́dún 2013, adìẹ pàápàá ń gbé irú ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní H7N9 láìṣàìsàn, èèyàn tó lọ ra adìẹ lọ́jà ló ń kú. Ìgbà tí wọ́n ti ọjà adìẹ ààyè pa ni àìsàn náà tó rọlẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Hong Kong lọ́dún 1997, ibi tí H5N1 ti kọ́kọ́ mú èèyàn: èèyàn 18 ló mú, 6 kú, wọ́n sì ní láti pa adìẹ tó lé ní mílíọ̀nù kan kó tó dáwọ́ dúró.

Ẹ bo táǹkì omi yín. Ẹ ta àwọ̀n tí ẹyẹ ẹ̀gà ò lè gbà kọjá sí ojú fèrèsé pẹ́ẹ̀nì. Fíìdì tó bá dà sílẹ̀ níta, ẹ gbá a kí ẹyẹlé tó rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ máa ka òkú, kí ẹ sì kọ ọ́

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan àti báírò ti tó. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye tó kú, iye ẹyin, iye fíìdì àti omi. Àrùn yìí kì í fi àkókò ṣòfò. Ẹyin á ṣàdédé dínkù, èyí tó jáde á rọ̀ bí ẹni tí kò ní èèpo. Àwọn kan á sùn tì, ìyẹ́ wọn á fò sókè. Ogbe orí wọn á wú, á sì máa dúdú bí ẹni pé ẹnì kan fi yíǹkì kùn ún. Awọ ẹsẹ̀ wọn á pọ́n níbi tí kò sí ìyẹ́. Orí lè wú, ọrùn lè yí, ìgbẹ́ lè máa ṣàn bí omi. Nígbà míì, ẹ ò ní rí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí, òkú ni ẹ máa bá láàárọ̀.

Ẹnì kan á ní lùkúlùkú lásán ni, àrùn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ojú lásán ò lè ya lùkúlùkú sọ́tọ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù fulúù, àyẹ̀wò ló lè ṣe é, dókítà ẹranko pàápàá ò ní fi ojú búra. Lọ́dọ̀ tèmi, nínú ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta adìẹ, tí márùn-ún bá kú kí ilẹ̀ tó ṣú tí n kò sì mọ ohun tó pa wọ́n, mi ò ní dúró de ọjọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ tí ikú bá wọlé

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Owó ni. Ẹni tó yáwó ra fíìdì, tó wá rí i pé adìẹ ń ṣubú, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kí wọ́n tó kú tán, ẹ jẹ́ ká dúńbú wọn, ká tà wọ́n ní ẹ̀dínwó. Gbólóhùn yẹn, "kí wọ́n tó kú tán", òun ni afárá tí àrùn fi ń sọdá láti ara adìẹ sí ara èèyàn. Ẹni tó dúńbú wà nínú ewu, obìnrin tó gbà wọ́n tu wà nínú ewu, ọjà tí wọ́n gbé e lọ náà á sì pín in fún oko míì.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ ti géètì. Adìẹ kankan ò gbọdọ̀ jáde, ẹyin ò gbọdọ̀ jáde, ìgbẹ́ ò gbọdọ̀ jáde. Ẹ pe dókítà ẹranko yín tàbí ẹ̀ka ìtọ́jú ẹranko ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ yín. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní tiwọn. Ẹ má di òkú adìẹ sínú nylon kí ẹ gbé e wọ dáńfó lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn ni wọ́n máa wá gba ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lọ́fun àti nídìí adìẹ, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, nítòsí Jos. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti dájú.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró dè wọ́n, ẹnì kan péré ni kó máa wọ pẹ́ẹ̀nì. Kì í ṣe ọmọdé, kì í ṣe aboyún, kì í ṣe ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Kó wọ aṣọ alápá gígùn, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ oníróbà, ìbòmú, àti awò tó bo ojú. Awò yìí làwọn èèyàn wa kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ni ojú jẹ́ fún àrùn yìí gan-an. Kó fi omi wọ́n ilẹ̀ díẹ̀ kó tó gbá a, kí eruku má baà dìde.

Bíbọ́ aṣọ náà ní ètò tirẹ̀, torí inú bíbọ́ lèèyàn ti ń fọwọ́ pa ara ẹ̀ lójú. Ìbọ̀wọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bọ́, ẹ yí i pa dà bí ẹni bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kí inú ẹ̀ di ìta. Ẹ fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà aṣọ, lẹ́yìn náà awò ojú, ìbòmú gbẹ̀yìn. Ẹ tún fọ ọwọ́ dé ìgúnpá pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ kankan mọ́ra.

Òkú adìẹ: nylon méjì, ẹ so ó, ẹ gbé e síbi tí ajá àti ológbò ò lè dé títí tí dókítà á fi dé. Ẹ má jù ú sódò, ẹ má jù ú sí gọ́tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kòtò ẹja àrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́ẹ̀nì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí: mo mọ̀ pé ẹja ń yára sanra tó bá ń jẹ òkú adìẹ, ṣùgbọ́n omi yẹn náà ni lékeléke ń wá mu, inú ẹ̀ náà lẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ẹja. Ológbò tó jẹ adìẹ tútù tó ní àrùn yìí náà ń kó o, ó sì ń pa á. Tí wọ́n bá ní kí ẹ sin òkú, kòtò tó jìn tó mítà méjì, tó jìnnà sí kànga, pẹ̀lú ẹfun tí wọ́n ń pè ní lime tí ẹ bù lé e lórí kí ẹ tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ẹ má da oògùn antibiotic sínú omi wọn. Fáírọ́ọ̀sì ni, oògùn yẹn ò rí i bá jà. Inú ẹyin ló máa kù sí, ẹ̀yin ni ẹ máa jẹ ẹ́.

Owó wá ńkọ́? Nígbà tí àrùn yìí kọ́kọ́ wọlé lọ́dún 2006, oko kan ní Jájí ní ìpínlẹ̀ Kaduna ni wọ́n ti rí i, àwa sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó kéde ẹ̀. Owó gbà-mábìínú tí ìjọba gbé kalẹ̀ nígbà náà jẹ́ ₦250 lórí adìẹ kan. Kò tó owó adìẹ, gbogbo wa la mọ̀. Àrùn náà padà wá ní oṣù Kìíní 2015, Èkó àti Kánò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì tún yọjú ní 2021. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tí kò bá ní ìwé tó fi hàn iye adìẹ tó ní kí ikú tó dé, kò ní ohun tó máa gbé síwájú ẹnikẹ́ni tí owó bá tiẹ̀ jáde. Ìwé ìgbésẹ̀ kẹrin nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lọ́jà àti nílé ìdáná

Tí ẹ bá ń ra adìẹ ààyè, ẹ yan èyí tó ń fi ojú wá yín kiri, kì í ṣe èyí tó gúnwà sí kọ̀rọ̀. Ẹ má mú ọmọdé lọ sí ìsọ̀ adìẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúńbú ẹ̀, kí wọ́n sì tu ú níbẹ̀ tí wọ́n bá ní ibi tó mọ́ fún un. Ẹran lẹ máa gbé délé, kì í ṣe ìyẹ́.

Tó bá jẹ́ ilé lẹ ti máa ṣe é, ẹ wọ ìbòmú, ẹ so aṣọ mọ́ orí, kí ẹ sì ní ẹlòmíràn tí kò fọwọ́ kan adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti bá yín nu òógùn. Iṣẹ́ tí mo gbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn báyìí, ó ní mo ti di nọ́ọ̀sì. Rírì tí a ń ri adìẹ sínú omi gbígbóná dára, ó ń jẹ́ kí eruku ìyẹ́ dínkù. Pákó tẹ́ ẹ fi gé adìẹ, ẹ má gé tòmátò lórí ẹ̀ láìfọ̀. Ẹ sè é títí omi ara ẹ̀ ò fi ní pupa mọ́, ẹ sì se ẹyin kó le.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yín tún lé díẹ̀: láti oṣù Kẹta 2024 ni wọ́n ti rí H5N1 lára màlúù tó ń fún wàrà níbẹ̀. Wàrà tí wọn ò tíì fi iná pa kòkòrò inú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó kú lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní oṣù Kìíní 2025, adìẹ ẹ̀yìnkùlé àti ẹyẹ igbó ló ti ní í ṣe pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ keje: tí ara yín bá gbóná

Fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan adìẹ tó kú lójijì, ẹ máa ṣọ́ ara yín. Ibà, ikọ́, ọ̀fun dídùn, ara ríro, ojú pípọ́n, mímí tó ń ṣòro. Ewu tiwa níbí ni pé ibà wa, ibà ẹ̀fọn la máa ń kà á sí. A ó ra oògùn ibà lẹ́nu kẹ́míìsì, ọjọ́ mẹ́ta á lọ. Oògùn tó wà fún ọ̀fìnkìn yìí, oseltamivir, máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi ìbòmú bo imú, ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu yín sì jẹ́: "Dókítà, adìẹ mi ń kú, mo sì fọwọ́ kàn wọ́n." Tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, kò sí bó ṣe máa mọ̀. Nọ́ńbà NCDC, àjọ tó ń rí sí àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kí ẹ tó kó adìẹ tuntun wọlé

Ẹ ha ilẹ̀ pẹ́ẹ̀nì dé sìmẹ́ǹtì, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fọ́n apakòkòrò sí i, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọjọ́ 21 ó kéré tán, kí dókítà ẹranko sì fọwọ́ sí i. Adìẹ díẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kó wọlé, bíi ogún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn dé gbogbo igun pẹ́ẹ̀nì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó sanwó àwọn tó kù.